Ọwọ́ Tó Tú U, Ọwọ́ Tó Dè É

Etí ti yẹ ẹ́ńjìnnì wò tán, ó ti ń rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, kí Àwẹ̀ró tó jẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ pé òun gbọ́ nǹkan.

Ìró kékeré ni. Kọ̀! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré. Ìgbà tó ń wa ọkọ̀ náà bọ̀ láti ẹnu géètì ni, tó rọra tẹ bíréèkì kó lè dúró sórí ilà tí wọ́n fà fún àyẹ̀wò. Iwájú ni ìró náà ti wá, lápá òsì, nídìí táyà. Kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ ọ. Etí pàápàá kò gbọ́ ọ, torí ọkọ̀ tó dúró ni Etí máa ń yẹ̀ wò, kì í ṣe èyí tó ń rìn.

Ẹ̀rọ tó ń yẹ irin wò ni Etí, ó ga ju èèyàn lọ díẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, tín-ín-rín bíi ti lékeléke, àwo bàbà pẹlẹbẹ kan ló sì wà níbi tó yẹ kí orí wà. Bó bá dé ibi irin kan, á tẹ àwo rẹ̀ lé e bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń gbọ́ àyà aláìsàn, á dákẹ́ díẹ̀, á wá sọ ohun tó gbọ́.

"Irin yìí kò sán," ni Etí wí. Ó sún síwájú. "Eléyìí náà kò sán."

Ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni Adéwùsì, ayẹ̀wò ìjọba, ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tó wọ ẹ̀wù àwọ̀ ewé, tó dé fìlà iṣẹ́. Kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Kò sì sí ẹgbẹ́ rẹ̀ kankan tó wà á rí. Inú àgbérìn, ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, ni wọ́n bí i sí, lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí wọ́n ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀rọ náà gbọ́ igbe ọmọ, ó rí i pé ara ìyá le, ó sì yí padà sọ́nà ilé láìbi ẹnikẹ́ni. Ìtàn tí Adéwùsì máa ń sọ nìyẹn bí wọ́n bá bi í bóyá kò wù ú kó fọwọ́ ara rẹ̀ wa nǹkan. Àgbérìn mọ ọ̀nà. Kì í sùn, kì í mutí, kì í bínú. Láti ọdún mẹ́tàlélógójì tí Òfin Ọwọ́ ti gba títì lọ́wọ́ ọmọ èèyàn, kò tíì sí ọmọ kan tí ọkọ̀ pa ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Ta ló fẹ́ bá irú òfin bẹ́ẹ̀ jà?

Àwẹ̀ró náà kò bá a jà. Ọmọ ọdún kan ni nígbà tí òfin náà dé. Ogún ọdún ló ti fi ń ṣiṣẹ́ nílé omi Ìgbẹ́tì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó jókòó lọ, kó máa ṣọ́ iná aláwọ̀ ewé kan kó má bàa di pupa. Iná náà kò di pupa rí. Ó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógójì kó tó di sípánà mú fún ìgbà àkọ́kọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ló tó mọ̀ pé òun lọ́wọ́.

Ẹtu ni wọ́n ń pe ọkọ̀ rẹ̀. Inú ọgbà ewúrẹ́ kan lẹ́bàá Kíṣì ni òun àti Bàbá Ògúndíjọ, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ti rí i. Ewúrẹ́ ń bímọ sórí àga ẹ̀yìn rẹ̀, ìpẹtà sì ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ débi tí igi dóńgóyárò fi hù gba ibẹ̀ yọ. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi tún un bí. Wọ́n yọ gbogbo ohun tí eré sísá kò nílò dànù: àga mẹ́ta, rédíò, gíláàsì ẹ̀yìn. Wọ́n fi páìpù irin ṣe àgò yí ìjókòó awakọ̀ ká, kí òrùlé má bàa wó pa á bí ọkọ̀ bá dojú dé. Wọ́n fá orí ẹ́ńjìnnì kó lè máa fún afẹ́fẹ́ mọ́ra ju bí àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ṣe fẹ́ lọ. Epo bẹntiróò ti di ìtàn, nítorí náà ọtí ẹ̀gẹ́ ni Ẹtu ń mu, wọ́n sì ní láti fẹ ojú ihò tí ọtí ń gbà wọlé, torí ọ̀mùtí ni ẹ́ńjìnnì tó bá ń mu ẹ̀gẹ́. Bó bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo àgbàlá á máa rùn bíi gàrí tó kan.

Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni òfin fàyè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti sáré, ibì kan ṣoṣo náà sì ni. Kòtò Funfun ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará àtijọ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ́ òkúta funfun jáde nílẹ̀ Ìgbẹ́tì, ihò tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lè gbé odidi ìlú mì. Àtẹ̀gùn òkúta méje ló sọ̀kalẹ̀ yí i ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó títì, ó ga tó ilé. Ojú ọ̀nà eré ń lọ́ lórí wọn bí ejò, ó ń lọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí adágún omi kan sùn sí, omi tó dúdú bí aró, ó tún ń gba òdìkejì gòkè. Bí oòrùn òwúrọ̀ bá ti kàn án, gbogbo ògiri náà á tàn, èèyàn á máa fọwọ́ ṣíjú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ti jókòó sórí àtẹ̀gùn òkè, tí wọ́n ti Sakí, Ìlọrin, Ọ̀yọ́ wá. Wọn ò pariwo. Bí èèyàn ṣe ń ṣe bó bá wọ ibi tó ju òun lọ ni wọ́n ṣe ń ṣe.

"Irin kò sán níbikíbi," ni Etí wí. "Kí ẹni tó ni ọwọ́ wá búra."

Ìbúra yẹn ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Òfin kò bìkítà bí ọkọ̀ ṣe yára tó. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ wa irin ti fi ọwọ́ kan náà tú irin ọ̀hún palẹ̀, ó sì ti fi dè é padà, láti orí títí dé ìdí. Ẹni tó bá búra èké, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ṣe èèyàn léṣe, wọn kì í sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tì. Ẹni tí wọ́n bá sì ti ọwọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn kì í ṣí fún un mọ́, omi kì í jáde fún un lẹ́nu ẹ̀rọ, àgbérìn kì í dúró kó gbé e. Àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò máa ṣílẹ̀kùn fún un títí yóò fi kú.

"Ọ̀gá Ayẹ̀wò," ni Àwẹ̀ró wí, "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí Bàbá mi."

Adéwùsì wo òkè, ó wo ìwé rẹ̀. "Ẹ tètè dé, mà."

Abẹ́ àtíbàbà ni Bàbá Ògúndíjọ jókòó sí, àsíá ìbẹ̀rẹ̀ eré sì wà lórí itan rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Nínú gbogbo àwọn mẹkáníìkì tó ti ń ṣiṣẹ́ kí òfin tó dé, òun nìkan ló kù láyé. Nígbà tó wọlé láàárọ̀, àwọn awakọ̀ mọ́kàndínlógún tó wá sáré ló dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta, àwọn obìnrin inú wọn kúnlẹ̀, aṣọ gbogbo wọn sì di funfun. Baba Ọlọ́wọ́ ni wọ́n ń pè é. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò kọ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tán?" ni bàbá náà bi í.

"Ó ku ìbúra, sà. Bàbá…" Ó sún mọ́ ọn. "Bíréèkì iwájú, apá òsì."

"Kí ló ṣe é?"

"Ìgbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lẹ ṣe é, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdọ̀tí ti wọ bíréèkì yẹn. Mo yọ ọ́, mo nù ún, mo dá a padà sáyè rẹ̀, mo sì de bóòtù méjèèjì tó dì í mú. Mo ti sọ fún ẹ nígbà náà." Ojú rẹ̀ dúró lé e. "Kí ló wá dé?"

"Mo fẹ́ tú u wò ni, sà."

Afẹ́fẹ́ gbé etí àsíá sókè, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Àádọ́rin ọdún ni mo ti ń de bóòtù," ni Bàbá wá wí, ohùn rẹ̀ kò sì le. "Mo de ti ọkọ̀ gómìnà. Mo de ti ọkọ̀ tó ń gbé òkú. Mo de ti ọkọ̀ tó gbé ìyá rẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tó bí ẹ. Kò sí èyí tó tú lọ́nà rí."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà."

"Tóo bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí lo wá ń bi mí?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Mi ò bínú. Lọ búra. Oòrùn ti ń ga."

Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ ọ́, ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ abẹ́ agbádá, ó fi abíyá há a mọ́lẹ̀.

Àwẹ̀ró rí i. Kì í ṣe òní ló ti ń rí i. Láti ọdún tó kọjá ni ẹ̀kọ mímu ti ń dà sí bàbá náà láyà. Bí ẹnikẹ́ni bá wò ó, bàbá á ní ọyẹ́ ló ń mú òun, nínú oṣù tí ọyẹ́ ti lọ tipẹ́, kò sì sí ẹni tó jẹ́ bá a jiyàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Àwẹ̀ró ti gbádùn, ojoojúmọ́ ló sì ń wò ó pé òun á tú bíréèkì yẹn. Ṣùgbọ́n àgbàlá Bàbá ni Ẹtu wà, Bàbá kì í sì í kúrò lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Báwo ni ọmọ ṣe máa tú iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lójú ọ̀gá rẹ̀, láìsí ìdí kan tó ju pé ọwọ́ ọ̀gá ń gbọ̀n? Ó ń sún un síwájú títí ó fi sún un dé òní.

Ó padà sídìí ọkọ̀. Etí tẹ orí rẹ̀ síwájú bí àwo tí wọ́n gbé fún àlejò, Àwẹ̀ró sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Bàbà náà tutù. Lẹ́sẹ̀kan náà, ògiri òkúta tó kọjú sí àwọn èrò mọ́lẹ̀, torí ohun tí Etí bá ń wò ni ògiri náà máa ń gbé jáde. Ọwọ́ Àwẹ̀ró yọ síbẹ̀, ó tóbi ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Gbogbo ilà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dà bí odò lórí òkúta funfun, ojú àpá tí irin gbígbóná ti jó o rí sì tóbi bí ilẹ̀kùn. Háà kan jáde lẹ́nu àwọn èrò. Àwọn tí kò fi ọwọ́ ṣe ohun kan ju kí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn rí ń wo ọwọ́ tó ṣiṣẹ́.

"Ọkọ̀ yìí," ni Etí wí.

"Ọkọ̀ yìí," ni Àwẹ̀ró tẹ̀lé e, "ọwọ́ mi ló tú u."

"Ọwọ́ mi ló dè é."

Àwẹ̀ró wo táyà iwájú lápá òsì.

Bóyá ìró yẹn kò jẹ́ nǹkan kan. Bóyá òkúta kékeré ló ta bá irin. Bó bá búra, tí ọjọ́ náà sì lọ dáadáa, kò sí ẹni tó máa mọ̀ láyé. Bó bá sì kọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn á gbọ́ pé ọmọ Baba Ọlọ́wọ́ kò fọkàn tán ọwọ́ Baba Ọlọ́wọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àsíá fún un. Ó wo ọ̀nà tó ń lọ́ sísàlẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn kẹfà ni kọ́nà tí wọ́n ń pè ní Kọ̀rọ̀ Ọ̀kánjúwà wà, torí ẹni tó bá ṣe ọ̀kánjúwà níbẹ̀, tó fi bíréèkì falẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá kan, omi dúdú yẹn ló ń gbà á. Abẹ́ kọ̀rọ̀ náà gan-an ni àwọn èèyàn kan dúró sí, àwọn tó ń bójú tó ìgbàlà, márùn-ún ni wọ́n, wọ́n wọ aṣọ pupa.

"Ọwọ́ mi ló dè é," ni Etí tún wí, bíi pé ó rò pé kò gbọ́.

"Bíréèkì iwájú lápá òsì," ni Àwẹ̀ró wí. "Ọwọ́ mi kọ́."

Adéwùsì gbé ojú sókè kúrò lórí ìwé. Ó pẹ́ kó tó rántí ohun tí òfin ní kó sọ.

"Ìdajì wákàtí ni òfin fún yín, mà. Kí ẹ tú u lójú gbogbo wa, kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí, kí ẹ wá fọwọ́ ara yín dè é. Bí àkókò bá kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Àwẹ̀ró kò wo apá ibi tí àtíbàbà wà. Ó gbé jáàkì, ó ti iwájú Ẹtu sókè, ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó de táyà òsì, ó gbé táyà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Etí tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀, ó na ọrùn mọ́ ọn léjìká, gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe nísàlẹ̀ sì ni ọwọ́ ńlá kan ń ṣe lórí ògiri. Ó fi sípánà kan bóòtù òkè. Bóòtù náà kò mira. Ó fi gbogbo apá fà á kó tó já, ó sì dún bí igi tó ṣẹ́. Ó dè pinpin! Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Àádọ́rin ọdún, ìwọ Àwẹ̀ró, o wá ń yẹ ọwọ́ àádọ́rin ọdún wò.

Ó na ọwọ́ sí bóòtù ìsàlẹ̀. Kò tíì gbé sípánà lé e, ìka rẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn án.

Bóòtù náà yí.

Ó yí lábẹ́ ìka méjì, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìdérí ìgò. Ìlàjì rẹ̀ ti jáde. Bóyá kìlómítà mẹ́ta ló kù fún un, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀, kó tó bọ́ sílẹ̀ pátápátá, kí irin bíréèkì yí lójú eré, kó sì há táyà.

Ohun tí Àwẹ̀ró ṣe lẹ́yìn náà, kò ronú sí i. Ó yára gbé sípánà lé orí bóòtù náà, ó dibọ́n bí ẹni tó ń fi agbára fà á, ó tilẹ̀ gbin. Lókè, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ń wo ìka tó ga bí òpó tó ń yí irin tó tóbi bí àgbá omi, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí òun ń wò. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ta ló tú bóòtù rí nínú wọn?

"Kí lẹ rí, mà?" ni Adéwùsì bèèrè.

"Ti òkè dè pinpin," ni Àwẹ̀ró wí. Òótọ́ ni.

"Ti ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

Ó wo bóòtù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ó ti wà létè rẹ̀. Irọ́ tí ọmọ pa kí ojú má bàa ti bàbá rẹ̀, ta ló máa pè é ní irọ́?

"Ó dẹ̀."

Kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Bàbá Ògúndíjọ ti dìde dúró lábẹ́ àtíbàbà. Ó ti ń bọ̀, ó ń fi ọ̀pá àsíá tilẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò lára ògiri.

"Ó dẹ̀," ló tún wí, ó sì gbé ohùn sókè kí tòkè tilẹ̀ lè gbọ́. "Ẹ ò rí i ni? Àtàǹpàkò àti ìka kan ló kọ́kọ́ fi yí i, kó tó gbé sípánà lé e. Bóòtù tí wọ́n bá dè, ìka méjì kì í yí i. Ọmọ yìí ń bò mí láṣìírí ni. Kọ ọ́ sílẹ̀, ayẹ̀wò. Kọ ọ́ pé ó dẹ̀, kóo kọ ọ́ pé Ògúndíjọ ló fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá," ni Àwẹ̀ró ń sọ jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Dákẹ́ ná. Mo ní ọyẹ́ ni. Gbogbo yín ni mo sọ fún pé ọyẹ́ ni." Ó jẹ́ kí àsíá bọ́ sílẹ̀. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́ agbádá, ó nà án síwájú Etí. "Kì í ṣe ọyẹ́."

Ẹ̀rọ náà yí orí sí i. Ọwọ́ Àwẹ̀ró parẹ́ lórí ògiri, ọwọ́ mìíràn sì bo òkúta náà láti òkè dé ilẹ̀: ọwọ́ àgbà, eékánná rẹ̀ dúdú, ìka kan kúrú torí fáńbẹ́lìtì ti gé e jẹ rí. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Bó ṣe ń gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ ń gbọ̀n lójú òkúta, ó ń gbọ̀n lójú omi nísàlẹ̀, ó ń gbọ̀n lójú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn, àfi bíi pé gbogbo Kòtò Funfun ló ń mí.

Obìnrin awakọ̀ kan ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Lórí àtẹ̀gùn òkè, àwọn èrò tí kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀ dìde dúró, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì, títí gbogbo ihò náà fi kún fún èèyàn tó dúró.

Bàbá Ògúndíjọ wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

"Àwẹ̀ró," ló wí, "agogo ń lọ. Nu ojú bóòtù yẹn kóo tó dá a padà, iyanrìn ti wọ̀ ọ́. Kóo fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, má fi sípánà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Ó nu ún. Ó fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó wá fi sípánà gígùn tó máa ń fọhùn bí agbára bá ti tó dè é, ó dún tá, ó de ti òkè, ó tún dún tá. Bàbá ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwẹ̀ró dá táyà padà sáyè rẹ̀, ó yọ jáàkì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù lórí agogo nígbà tó gbé ọwọ́ padà sórí àwo Etí, tó sì búra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró.

Ó dé akoto, ó wọ inú àgò páìpù, ó so ìgbànú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra. Ó tan iná.

Ẹ́ńjìnnì bú. Àwọn tó wà lókè kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó jáde lábẹ́ Ẹtu, ó lọ bá ògiri, ògiri dá a padà, àwọn ògiri yòókù gbà á lẹ́nu ara wọn, ó sì ń yí ká títí tí kò fi sí ẹni tó lè sọ ibi tó ti wá mọ́. Àwọn èèyàn gbé ọwọ́ lé àyà, torí àyà ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Létí kòtò lókè pátápátá, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àgbérìn dúró sí tí wọ́n ń dúró de olówó wọn, gbogbo wọn jọ sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, láìrán wọn, bí agbo àgùntàn tó gbóòórùn ẹkùn.

Bàbá mú àsíá nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, ó sì jù ú sísàlẹ̀.

Àtẹ̀gùn kìíní kọjá kí Àwẹ̀ró tó mí. Funfun ni gbogbo nǹkan, lọ́tùn-ún, lósì, lábẹ́, àfi ọ̀nà dúdú tín-ín-rín tó ń sáré wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ti wa Ẹtu ní àgbàlá, ó ti wà á síwá sẹ́yìn nínú oko bàbá. Ìyẹn kọ́ nìyí. Ní jíà kẹta, ọkọ̀ náà di nǹkan mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Kò jẹ́ irin tó jókòó sínú rẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tó ti fi ìka kàn fún ọdún mẹ́fà ló ń bá a sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: pisitini tó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀, táyà tó fi ọwọ́ yọ òkúta lójú rẹ̀, páìpù tí iná ti jó o lọ́wọ́. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn. Ó ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó rí i pé òun ń pariwo nínú akoto, kò sì mọ ohun tí òun ń wí.

Àtẹ̀gùn kẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún. Omi dúdú náà yọ níwájú, ó ń tóbi. Kọ̀rọ̀ Ọ̀kánjúwà dé. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀.

Ẹtu wọlẹ̀ mọ́ iwájú, ó di ọ̀nà mú. Kò sí kọ̀. Kò sí ìró kankan. Ìgbànú há a láyà, ojú rẹ̀ sì bá ojú ọ̀kan nínú àwọn tó wọ aṣọ pupa pàdé, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ tó rí ojo yìnyín fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó ti yí kọ̀rọ̀ náà, ó ti ń gòkè, ọ̀run nìkan ló sì wà lójú rẹ̀.

Ìyípo mẹ́wàá ni òfin fún un. Nígbà tó dúró, ó jáde nínú ọkọ̀, ó jókòó sílẹ̀ lórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó bọ́ akoto, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Bàbá Ògúndíjọ kò bi í bó ṣe sáré tó. Ó lóṣòó sídìí táyà òsì níwájú, ó gbóòórùn bíréèkì gbígbóná.

"Kí ló sọ fún ẹ?"

"Jíà kẹta, sà. Ó ń sunkún díẹ̀ tí mo bá ń gòkè."

"Mo gbọ́ ọ. Láti ìyípo kẹrin." Ó dìde díẹ̀díẹ̀. "Ó dára. Lọ́la, a ó tú…" Ó wo ọkọ̀ náà, ó wo Àwẹ̀ró. "Lọ́la, wàá tú u. Èmi á jókòó, màá máa fẹnu sọ fún ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Adéwùsì ti wá dúró lẹ́yìn wọn láti ìgbà díẹ̀. Ó ti ṣí fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó há a mọ́ abíyá. Etí dúró níbi tó fi í sílẹ̀ sí, ó ń dúró de ọkọ̀ tó kàn.

"Bàbá," ni Adéwùsì wí, "ẹ jọ̀ọ́, sà. Tí ẹ bá ń sọ ọ́ lọ́la… ṣé ẹlòmíì lè wá gbọ́?"

Bàbá Ògúndíjọ yíjú sí i. "Mú ọwọ́ rẹ wá."

Ayẹ̀wò na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Bàbá wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Wọ́n mọ́, wọ́n rọ̀ bí ti ọmọ tuntun, kò sí àpá kankan lára wọn.

"Aago mẹ́jọ," ni bàbá náà wí. "Aṣọ tóo bá fẹ́ràn, má wọ̀ ọ́ wá."